Spironolactone 100mg fún irun àárín orí tó ń já: ṣé kò pọ̀ jù fún obìnrin?

Ìyá Dára (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ irun ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ òògùn náà ná, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí. Olùkọ́ ni mí, mo sì bí ọmọ méjì. Láti ìgbà tí mo ti bí èyí èkejì, ọdún mẹ́rin rèé, ni irun àárín orí mi ti ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé irun tó máa ń já lẹ́yìn ìbímọ ni. Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, á já, á sì tún hù. Tèmi ò hù padà. Onídìrí mi ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Ó fi ìrù òòyà la irun mi láti iwájú orí dé àtàrí, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ń wá sọ́dọ̀ mi, ìlà yìí ò ju òwú lọ. Ìka mi ti ń gbà níbẹ̀ báyìí." Mo fọwọ́ kàn án, lóòótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wé gèlè lọ síbi tí kò gba gèlè.

Iwájú orí mi ò ṣí o, ẹ̀bá etí mi náà wà bó ṣe wà. Kò yún mi, kò ta mí. Àárín nìkan ló ń fẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London ní irú ìṣòro yìí, dókítà àwọ̀ ara sì fún un ní spironolactone. Irun rẹ̀ ti dáa gan-an. Nígbà tó wálé ní Kérésì, ó fi páálí méjì sílẹ̀ fún mi, 100mg ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun náà ń lo hóró kan lójúmọ́, ó ní ńṣe ló máa ń dí họ́mọ́ònù ọkùnrin lọ́wọ́ kó má pa irun. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń mu ún.

Ohun tó ń ṣe mí rèé. Mò ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ mi ní kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Bí mo ṣe nàró ni òòyì gbé mi, gbogbo kíláàsì ń yí. Tábìlì ni mo dì mú, àwọn ọmọ sì dákẹ́ lọ gbári, wọ́n ń wò mí. Ẹsẹ̀ mi náà ń rọ̀ láti àná.

Kí n má fi ohunkóhun pamọ́: mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀, lisinopril 10mg ni mo ń lò sí i, ó ti tó ọdún kan ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti bàbá Dára ṣì ń retí ọmọ kan sí i, a ò fètò sí ohunkóhun.

Mélòó ló yẹ kí obìnrin lò? Ṣé kí n dá hóró náà sí méjì, kí n máa lo 50mg? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jù ú nù, kí n máa lo finasteride 1mg tí ọkọ òun ń lò. Ẹlòmíràn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òògùn ìtọ̀ lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Àdùkẹ́ Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Mo ti lé ní ọdún méjì lórí òògùn yìí, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mo máa sọ, mi ò kí ń ṣe dókítà.

Èmi náà ń lo 100mg báyìí, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. 25mg ni wọ́n fún mi fún oṣù kan, wọ́n gbé e sí 50mg fún oṣù méjì, ẹ̀yìn ìyẹn la tó dé 100. Kí wọ́n tó kọ hóró àkọ́kọ́, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ti wọn ìfúnpá mi, dókítà sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo fẹ́ lóyún. Mo ní rárá, ó tún ní kí ni mo ń lò tó dá mi lójú bẹ́ẹ̀. Kọ́ìlì ni mo ń lò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí mo délé tí mo ka ìwé inú páálí, ẹ̀rù bà mí, torí ọkàn, ara wíwú àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí irun níbì kankan. Mo pè wọ́n pé bóyá wọ́n ṣi òògùn fún mi. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìjọba ò fọwọ́ sí i fún irun, àmọ́ dókítà lè kọ ọ́ fún un bí òun bá máa bójú tó aláìsàn náà. Ìbójútó yẹn ni àbúrò yín ní, tí ẹ̀yin ò ní.

Ní oṣù kẹta, mo rí nǹkan oṣù mi lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan, ọyàn mi sì ń dùn mí débi pé mi ò lè fi àyà sùn. Ó rọlẹ̀ nígbà tó yá. Ní ti irun, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Mo máa ń ya fọ́tò àtàrí mi lábẹ́ iná ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, ibì kan náà, ìdúró kan náà. Oṣù keje ni èyí tó ń já nígbà tí mo bá ń fọrí tó dínkù. Ní oṣù kẹwàá, mo rí àwọn kéékèèké tó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà orí mi, mo sunkún nílé ìwẹ̀ níbẹ̀. Irun ìgbà ọmọge mi ò padà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ìyẹn fún yín. Ṣùgbọ́n awọ orí mi ò hàn mọ́.

Lisinopril tí ẹ dárúkọ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ má tíì mu ti ọ̀la kí ẹni tó mọ̀ tó dáhùn.

Ìyá Apòògùn

Àbúrò mi, mo ju ẹ lọ dáadáa, jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta òògùn òyìnbó ní Ìbàdàn yìí.

Má mu ti ọ̀la. Ọ̀rọ̀ pé kí o dá hóró sí méjì kò tíì kàn wá rárá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ, kí o gbé páálí méjèèjì dání, kí o sọ fún wọn pé spironolactone àti lisinopril ni o jọ ń lò láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún pọ̀tásíọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ. Bí ọkàn rẹ bá ń lù ségesège lálẹ́ yìí, bí ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ yẹn bá le sí i, tàbí tí o bá dákú, má dúró de àárọ̀. Lisinopril, má fọwọ́ ara rẹ dá a dúró, dókítà tó bá rí ẹ lọ́la ni kó sọ èyí tó kàn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń pariwo. Òótọ́ ni pé òògùn ìtọ̀ ni spironolactone, àmọ́ kò dà bí àwọn yòókù. Púpọ̀ nínú òògùn ìtọ̀ ló máa ń tọ pọ̀tásíọ̀mù dànù mọ́ omi. Èyí máa ń jẹ́ kí omi àti iyọ̀ lọ, á wá di pọ̀tásíọ̀mù mú sínú ara. Lisinopril náà ń dì í mú ní tiẹ̀. O ti wá fi ẹni méjì ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Pọ̀tásíọ̀mù tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kì í kígbe. Ó lè má ṣe é mọ̀ lára títí tí ọkàn á fi ṣi ìlù rẹ̀. Òòyì rẹ lè jẹ́ ti ìfúnpá tó lọ sílẹ̀ jù, torí àwọn méjèèjì ló ń fà á wálẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà gígùn yìí lágogo mọ́kànlá òru.

Ẹni tó ní kí o fọkàn balẹ̀ ò parọ́ tán. Ní 2015, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin 974 tí ara wọn le, tí wọ́n ń lo òògùn yìí fún irorẹ́. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ 1,802, mẹ́tàlá péré ni pọ̀tásíọ̀mù ti ga, kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dókítà má fi àyẹ̀wò ìgbà gbogbo yọ ọ̀dọ́ tó ní ìlera lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ka ẹni tó ń lo irú òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìwọ ń lò mọ́ wọn. Ìwọ ò sí nínú àwọn 974 yẹn, nítorí náà ìtùnú wọn kì í ṣe tìrẹ.

Kì í ṣe lisinopril nìkan. Enalapril, losartan àti àwọn ẹbí wọn, bákan náà ni. Septrin tí àwa ará Nàìjíríà máa ń rà bí ẹní ra bisikíìtì, ó ń gbé pọ̀tásíọ̀mù sókè. Ibuprofen àti diclofenac tí èèyàn ń mu lójoojúmọ́ fún ẹ̀yìn àti orúnkún ń da kíndìnrín láàmú, kò sì yẹ kó bá a rìn. Iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n ń tà fún oníẹ̀jẹ̀ ríru, yí ike rẹ̀ padà kí o ka ẹ̀yìn rẹ̀, potassium chloride ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kí o sì dín omi àgbọn mímu kù títí àyẹ̀wò á fi jáde.

Ó tún ku ibi tó dùn mí jù. O ní ẹ ń retí ọmọ. Ọmọ ọkùnrin tó wà nínú oyún nílò họ́mọ́ònù ọkùnrin kí ojú ara rẹ̀ tó lè pé bó ṣe yẹ. Spironolactone á dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí dókítà Àdùkẹ́ fi bi í lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ ní ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó dájú, tó bá sì fẹ́ lóyún, kó ti fi òògùn náà sílẹ̀ fún oṣù kan, ó kéré tán. Lisinopril fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò yẹ aboyún rárá, ó lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Ǹjẹ́ ẹni tó kọ ọ́ fún ẹ mọ̀ pé ẹ ń retí ọmọ? Ṣe àyẹ̀wò oyún lọ́la pẹ̀lú, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ó yá, ìbéèrè rẹ gan-an. Obìnrin náà ní họ́mọ́ònù ọkùnrin lára, díẹ̀ ni. Ara máa ń sọ lára rẹ̀ di èyí tó le jù ú lọ, DHT lorúkọ rẹ̀. Nídìí irun, DHT ní àga tó ń jókòó lé. Tó bá ti jókòó, gbòǹgbò náà á máa sún kì, irun tó ń hù jáde á máa tínrín sí i lọ́dọọdún, títí á fi dà bí irun apá. Spironolactone á ti lọ gba àga náà kí DHT tó dé. Finasteride ní tiẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni du àga, ńṣe ló ń dí ara lọ́wọ́ kó má ṣe DHT.

Àwọn dókítà sábà máa ń fi 25mg tàbí 50mg bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan bí ara bá gbà á, ọ̀pọ̀ sì ń dúró sí 100mg. Àwọn kan ń dé 200mg. Ní Ọsirélíà, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí obìnrin ọgọ́rin tí irun ń já fún. Ogójì lo spironolactone 200mg lójúmọ́, ogójì lo òògùn mìíràn tó jọ ọ́, cyproterone, ó kéré tán fún ọdún kan. Márùndínlógójì ni irun wọn hù sí i, márùndínlógójì ò yí padà, mẹ́wàá sì ń já síwájú. Fi sọ́kàn pé ẹni tí tiẹ̀ ò yí padà náà jèrè, torí jíjá ló yẹ kó máa já. Ní 2018, dókítà ará Ọsirélíà kan náà tún kọ nípa ọgọ́rùn-ún obìnrin tó lo 25mg péré pẹ̀lú òògùn irun mìíràn, minoxidil oníhóró tó kéré gan-an, 0.25mg, irun wọn sì dáa sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé 100 ló ń ṣiṣẹ́, pé 25 kì í ṣe nǹkan kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ má torí èyí dá hóró tọwọ́ rẹ sí mẹ́rin o! Pẹ̀lú lisinopril àti ìrètí ọmọ, kò sí ìwọ̀n tí mo lè fọwọ́ sí fún ẹ látibí.

Finasteride 1mg ti ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ, fi sílẹ̀ fún ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ. Ọkùnrin ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ní Amẹ́ríkà ní 1997. Wọ́n dán 1mg yìí wò lára obìnrin 137 tó ti dá nǹkan oṣù dúró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000: lẹ́yìn ọdún kan, kò sàn ju hóró òfo tí kò ní òògùn nínú lọ. Àwọn dókítà tó ń fún obìnrin máa ń fún un ní 2.5mg tàbí 5mg, ìyá tó ti kọjá ọjọ́ orí ìbímọ ni wọ́n sì sábà ń fún. Ẹni tó lè lóyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó ti fọ́. Dutasteride, ìbátan finasteride, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ, torí ó ń pẹ́ lára fún oṣù pípẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta cyproterone 50mg fún ẹ láìsí ìwé dókítà, sá fún un. Láti 2020 ni àjọ tó ń bójú tó òògùn ní Yúróòpù ti dín lílò rẹ̀ kù nítorí kókó orí tí wọ́n ń pè ní meningioma.

Fi ohun tí àyẹ̀wò bá sọ tó wa létí. Mi ò ní sùn dáadáa.

Ṣadé Abẹ́òkúta

Ìyá Apòògùn ti sọ ti òògùn tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti orí fúnra rẹ̀, torí mo fi ọdún méjì ṣòfò.

Tèmi náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Mo rí i kà pé spironolactone dáa, mo sì rà á fúnra mi lọ́dọ̀ kẹ́místì kan tí kò bi mí ní nǹkan kan, 100mg lójúmọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tèmi ń ta mí. Tí oòrùn bá pa á, á dà bíi pé wọ́n fi ata rodo pa àtàrí mi. Mo rò pé iṣẹ́ òògùn ni. Ibi tí irun ti lọ ń dán, mo sì ń fi ìka wá ojú ihò irun níbẹ̀, mi ò rí i mọ́, ó jọ àwọ̀ ojúgun.

Dókítà àwọ̀ ara kan ló wá fi ẹ̀rọ aláwò kékeré wo orí mi, tó gé awọ bín-ín-tín níbẹ̀ lọ sí lábù. Àìsàn tó ń sọ gbòǹgbò irun di àpá ni, CCCA ni wọ́n ń pè é, àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù, láti àtàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Spironolactone kì í wo àpá. Ìgbóná abẹ́ awọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pa. Abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ọ̀dù sórí àti doxycycline ni wọ́n fún mi. Ó dúró síbi tó dé. Ibi tó ti dán ò hù mọ́, wọ́n sì sọ fún mi lójú mi pé kò ní hù.

Ìyá mi ti fi dídirun àti rílásà bá mi wí títí. Dókítà yẹn ló sọ fún mi pé ní 2019, àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì kan, PADI3, wà nídìí rẹ̀ fún àwọn kan lára wa, pé kì í ṣe irun dídì nìkan. Mo délé, mo sọ fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ṣí gèlè tiwọn. Àtàrí wọn náà ń dán. Láti kékeré mi, mi ò rí i rí.

Ìyá Dára, ẹ ní tiyín ò yún yín, kò sì ta yín, mo dúpẹ́. Síbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo orí yín kí ẹ tó tún gbé hóró kankan mì.

Ìyá Dára (Ìbàdàn)

Mo ti dé láti ilé ìwòsàn. Àánú Ọlọ́run ni.

Pọ̀tásíọ̀mù mi jẹ́ 5.7. Lábù tí mo lọ kọ ọ́ pé 3.5 sí 5.1 ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe, 5.6 ló jáde. Ìfúnpá mi jẹ́ 96/58 nígbà tí mo nàró. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ àyà mi láti wo bí ọkàn mi ṣe ń lù, wọ́n ní ó dáa. Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ma, ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ò bá máa sọ nǹkan mìíràn." Ó dá òògùn méjèèjì dúró. Àyẹ̀wò oyún fi hàn pé kò sí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún.

Ìyá Apòògùn, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọjọ́ tí wọ́n kọ lisinopril fún mi, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ bímọ sí i. Èmi náà ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

Mo pe àbúrò mi. Ó bú sẹ́kún lórí fóònù. Mo ní kó má sunkún, ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Ìyá Apòògùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti ń ṣí ojú ìwé yìí láti aago méje.

Páálí méjèèjì, má fi wọ́n sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ níbi tí ọmọ tàbí ìbátan á ti rí i. Gbé e lọ sọ́dọ̀ apòògùn kí wọ́n bá ẹ pa á run. Lọ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, má jẹ́ kó yẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo ferritin pẹ̀lú, ìyẹn irin tí ara tò pa mọ́, àti tairọ́ọ̀dù. Obìnrin tó bímọ méjì tó sì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ lè ti ṣaláìní irin láìmọ̀, irun ò sì ní dúró lórí ẹni tí irin tán lára rẹ̀.

Àdùkẹ́ Peckham

Àǹtí mi, mo sọkún nígbà tí mo ka 5.7 yẹn. Mo ti lọ wo páálí tèmi, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sí i lára. Kò sẹ́ni tí mo máa fún.

Ìyá Dára (Ìbàdàn)

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ṣèlérí pé mo máa padà wá.

Pọ̀tásíọ̀mù mi ti di 4.3. Òòyì ti lọ, mò ń sun oorun dé ilẹ̀ mọ́. Wọ́n fi nifedipine, èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́, rọ́pò lisinopril, wọ́n ní kò ní bá oyún jà. Mo sì rí dókítà àwọ̀ ara. Ó fi aláwò wo orí mi bí Ṣadé ṣe wí, ó fi ìka ya irun náà ní ìlà ní ìlà, ó fi hàn mí lórí ẹ̀rọ: ihò irun ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irun kan nípọn, èkejì rẹ̀ tínrín bí òwú aláǹtakùn. Kò sí àpá. Ó ní irun jíjá ti àwọn obìnrin, èyí tí họ́mọ́ònù ń dá sí, ni. Ferritin mi jẹ́ 11, ìyẹn kéré gan-an, ó ní òun náà ń dá kún un.

Mo bi í ní ìbéèrè tí mo bi yín níbí, pé mélòó ni. Ó ní tí mo bá ti bímọ tán, tí mo ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, tí mo sì ti fètò sí i, ká padà wá, pé 25mg ni òun máa fi bẹ̀rẹ̀, òun á yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù kan, torí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Minoxidil tí wọ́n ń fi pa orí ni wọ́n fọwọ́ sí fún obìnrin, 2% àti fọ́ọ̀mù 5%, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n lo ìyẹn náà nígbà tí mò ń wá oyún. Èmi àti bàbá Dára jókòó sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ la mú ṣáájú. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta ni irun yìí á tún fi máa lọ. Onídìrí mi ti yí ìlà orí mi sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń dì í kó má fa awọ.

Irin ni wọ́n kọ fún mi báyìí, hóró kan lójúmọ́. Inú máa ń rí mi wúruwùru tí mo bá mu ún láìjẹun, nítorí náà mo ń mu ún pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé. Ṣé kò burú?

Ìyá Apòògùn

Tíì yẹn ni kò dáa. Kì í jẹ́ kí irin wọ ara, mílíìkì inú rẹ̀ náà á tún dí i. Jẹ búrẹ́dì rẹ pẹ̀lú omi, mu irin náà lé e, kí o fi tíì sí ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ. Tí inú bá ṣì ń rí ẹ, sọ fún dókítà kó jẹ́ kí o máa mu ún ní ọjọ́ kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ ló ń gbà á dáadáa bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ á dúdú, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yẹ ferritin wò padà.